Bí a bá gé ẹ̀ka, igi á fèsì

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́wọ́ igi òdòdó fún ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń ro ti ohun tí yóò kúrò nìkan. Igi ti ga jù, ẹ̀ka ti ya wọ ojú ọ̀nà, ewé ti bo fèrèsé, ó yẹ kí á dín in kù. Èrò yẹn kò burú, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Igi kì í ṣe irun orí. Irun tí a gé lókè, láti ìdí ni yóò ti máa hù bọ̀, bó sì ṣe hù tẹ́lẹ̀ náà ni yóò ṣe hù. Ní ti ẹ̀ka, ibi tí abẹ ti bà á gan-an ni yóò ti fèsì. Níbi tí ọ̀kan wà, méjì tàbí mẹ́ta á yọ, wọ́n á sì kọrí sí ibi tí ojú igi, ìyẹn ibi kékeré tí ẹ̀ka tuntun ti ń yọ, tó wà lábẹ́ ojú ọgbẹ́ náà bá dojú kọ. Ìbéèrè tó yẹ kó wà lọ́kàn ẹni tó mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ ni pé: bí mo bá gé ibí yìí, kí ni yóò hù, níbo ni yóò sì kọjú sí?

Ẹ wo ẹ̀ka kan dáadáa. Níbi tí ọrùn ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, ojú kékeré kan wà ní igun ibẹ̀, ó yọ díẹ̀, nígbà mìíràn kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ̀ka tuntun ló ń sùn níbẹ̀. Ohun tó ń mú un sùn wà lókè: ṣóńṣó ẹ̀ka ni igi ti ń pèsè èròjà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní auxin, èròjà yìí a sì máa sọ̀ kalẹ̀ gba inú ẹ̀ka, kì í jẹ́ kí àwọn ojú tó wà nísàlẹ̀ jí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ka tí a kò fọwọ́ kàn fi máa ń ga lọ sókè láì yà. Bí a bá ṣẹ́ ṣóńṣó yẹn kúrò, auxin kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́, àwọn ojú tó sún mọ́ ojú ọgbẹ́ á sì jí. Ẹni tó bá ti mọ èyí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà gé ẹ̀ka, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn sì ṣe pàtàkì ju irinṣẹ́ yòówù tí a lè rà lọ. Ọ̀nà kìíní ni pé kí a gé ẹ̀ka sí méjì kó lè kúrú. Èyí ló ń jí ojú púpọ̀, òun ló ń mú kí igi ki. Ọ̀nà kejì ni pé kí a tọpa ẹ̀ka títí dé ibi tó ti yọ lára ẹ̀ka ńlá tàbí ní ìdí igi, kí a sì gé gbogbo rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Èyí kì í jí ojú púpọ̀. Ńṣe ló ń ṣí àyè sílẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kì í sábà mọ̀ ju ti ìkíní lọ. Á yí igi po, á máa gé ṣóńṣó ṣóńṣó títí igi yóò fi rí roboto. Ó máa ń wu ojú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, gbogbo ibi tí a gé á yọ ẹ̀ka mẹ́ta mẹ́ta, a ó tún gé wọn lójú kan náà, wọ́n á tún yọ. Bí èyí bá ti ṣe ọdún mélòó kan, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ya ewé ara igi náà kí ẹ sì yọjú wo inú rẹ̀. Ewé tó wà lóde kò nípọn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, igi lásán àti òkùnkùn ni. Ìmọ́lẹ̀ kò wọlé mọ́, ewé inú ti kú, ìrì kì í tètè gbẹ níbẹ̀, àrùn sì fẹ́ràn irú ibẹ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá sì ṣèèṣì gé e jìn díẹ̀, ojú ihò ni yóò hàn síta. Ní tèmi, kí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí fi gígé láti ìdí bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo, kó tó fọwọ́ kan ṣóńṣó kankan. Ó lè jẹ́ pé nígbà tí ó bá ti yọ ẹ̀ka mẹ́rin márùn-ún kúrò nísàlẹ̀, kò ní rí ìdí tó fi yẹ kó gé òkè mọ́.

Ní ti irinṣẹ́, àlùmọ́gàjí ọgbà tó ṣeé fi ọwọ́ kan mú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan wà tí abẹ rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ irin kejì kọjá. Òmíràn wà tí abẹ rẹ̀ ń balẹ̀ sórí irin pẹlẹbẹ. Èyí tó ń balẹ̀ yìí a máa tẹ ẹ̀ka tútù pa kó tó gé e, nítorí náà igi gbígbẹ ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún. Èyí tó ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá ni kí ẹ fi gé igi tútù. Ó ní bí a ṣe ń dì í mú: abẹ tó mú ni kó wà ní apá ibi tí yóò kù lára igi, kí irin kejì tó tẹ̀ kọrọdọ, tí kò lójú, wà ní apá tí a óò jù nù. Irin yẹn a máa tẹ èèpo igi, ẹ jẹ́ kí ìtẹ̀ náà bá èyí tí kò sí ohun tí yóò fi ṣe mọ́. Àwọn tó ti ń gé igi tipẹ́tipẹ́ pàápàá máa ń dì í sódì.

Ẹ̀ka tí kò bá nípọn ju 2 sẹ̀ǹtímítà lọ ni agbára àlùmọ́gàjí ọwọ́ mọ. Láti 2 dé nǹkan bí 4, ẹ lo èyí tó ní ọwọ́ gígùn méjì. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ayùn ni. Ẹ ó mọ̀ pé irinṣẹ́ ti kéré sí iṣẹ́ bí ọwọ́ yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí i sọ́tùn-ún sósì kí ẹ̀ka lè já. Yíyí yẹn ló ń ya èèpo bọ̀ wálẹ̀, òun náà ló sì ń ya abẹ méjèèjì sọ́tọ̀ títí àlùmọ́gàjí kò fi ní lè gé ewé lásán mọ́.

Abẹ tí kò mú kì í gé igi, fífà ló ń fà á ya, ojú ọgbẹ́ tó bá sì ya kì í tètè dì. Bí ẹ bá fẹ́ pọ́n ọn, apá kan tó dagun nìkan ni kí ẹ pọ́n, bó ṣe dagun náà ni kí ẹ gbé òkúta lé e. Apá kejì tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ kàn fi òkúta kàn án lẹ́ẹ̀kan kí irin wẹ́wẹ́ tí pípọ́n yọ sí etí abẹ lè kúrò. Kí ẹ tó bọ́ sí igi mìíràn, ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú ọtí tó lágbára ìdá 70 nínú 100 nu abẹ, nítorí pé orí abẹ ni àrùn máa ń gùn láti orí igi kan sí òmíràn. Bílíìṣì ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ a máa jẹ irin. Ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ fi omi ṣan abẹ, kó nù ún gbẹ, kó sì fi òróró díẹ̀ pa á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dógùn-ún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí ni ojú ọgbẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ké ẹ̀ka kúrú, ẹ kọ́kọ́ wá ojú tó kọ ẹ̀yìn sí àárín igi, tó kọjú síta. Ẹ gé e ní nǹkan bí mìlímítà 5 sí 6 lókè ojú náà. Kí ojú ọgbẹ́ dagun díẹ̀, kí apá tó ga wà níhà ojú igi, kí apá tó rẹlẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, kí omi òjò lè máa ṣàn kúrò lọ́dọ̀ ojú náà. Kì í ṣe kí ó dagun jù o; bó bá dagun jù, ọgbẹ́ ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ nìyẹn. Àwọn igi mìíràn sì wà tí ojú wọn máa ń dojú kọra ní méjì méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Lára wọn ni lilac àti hydrangea. Ọgbọọgba ni kí ẹ gé irú ìwọ̀nyí, lókè ojú méjèèjì.

Bí ẹ bá gé e jìnnà sí ojú, sẹ̀ǹtímítà 3 tàbí 4, kùkùté kan yóò kù tí kò ní ewé tí yóò máa bọ́ ọ. Yóò gbẹ láti òkè, yóò dúdú, jíjẹrà náà sì lè sọ̀ kalẹ̀ kọjá ojú tí ẹ fẹ́ kó hù. Bí ẹ bá gé e sún mọ́ ojú jù, ojú náà fúnra rẹ̀ ni yóò gbẹ. Ẹ lè wò ó lẹ́yìn oṣù kan: ibi tí a gé dáadáa, ọ̀mùnú ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbẹ́, kò sì sí igi òkú kankan lókè rẹ̀.

Bó bá jẹ́ gígé láti ìdí, ẹ wo ibi tí ẹ̀ka ti pàdé ìyá rẹ̀. Èèpo ibẹ̀ wú díẹ̀, ó sì máa ń hunjọ. Ibi tó wú yẹn kì í ṣe ara ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ gé, ara ìyá ni, ibẹ̀ sì ni igi ti ń di ojú ọgbẹ́. Lẹ́yìn tó bá parí wíwú, níwájú rẹ̀ díẹ̀, ni kí abẹ ti wọlé. Láyé àtijọ́, àwọn ológbà a máa gé e mọ́ ara ìyá pẹrẹsẹ, wọ́n á sì fi ọ̀dà kùn ún. Alex Shigo, onímọ̀ àrùn igi tó ṣiṣẹ́ ní àjọ tó ń bójú tó igbó ìjọba ní Amẹ́ríkà, fi ayùn la igi lóríṣiríṣi sí wẹ́wẹ́ kó lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọgbẹ́. Ohun tó rí ni pé ọgbẹ́ igi kì í san bí ti ènìyàn: ńṣe ni igi máa ń mọ odi yí ibi tó bàjẹ́ ká, tí yóò sì hu igi tuntun bò ó. Gígé mọ́ ara pẹrẹsẹ ń ba ibi tí odi náà ti ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́. Ọ̀dà kò sì dí jíjẹrà lọ́nà. Ẹ fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ka tó bá wúwo, ìgbà mẹ́ta ni a ń gé e. Ẹ kọ́kọ́ fi ayùn gé e láti abẹ́ dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìnípọn rẹ̀, ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà sí ìdí. Ẹ wá gé e láti òkè, síwájú díẹ̀, kó lè já bọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gé kùkùté tó kù. Ẹni tó bá fi ẹ̀ẹ̀kan gé e láti òkè, ẹ̀ka á já kó tó gé tán, yóò sì bó èèpo ìyá igi lọ sílẹ̀.

Wàyí o, báwo ni a ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Ẹ má tíì gé nǹkan kan. Ẹ yí igi náà po, ẹ wò ó láti ọ̀ọ́kán, ẹ wò ó láti ìdí. Ẹ wo inú rẹ̀ bóyá ẹyẹ tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀. Bó bá tẹ́ ẹ, tí ẹyin tàbí ọmọ sì wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ di ìgbà mìíràn. Òkú ẹ̀ka ni ẹ ó kọ́kọ́ yọ. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ó ti kú, ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ́ èèpo bá tutù, tó sì ní àwọ̀ ewé, ó wà láàyè. Bó bá gbẹ, tó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ti lọ. Ẹ máa ha á lọ sísàlẹ̀ títí ẹ ó fi kan ibi tó ṣì tutù, ibẹ̀ ni kí ẹ gé. Èyí tó ṣẹ́ àti èyí tó ní àrùn ló kàn. Kí gígé èyí tó ní àrùn jìn dáadáa sí ibi tí igi mọ́ sí, kí ẹ má sì da ẹ̀ka rẹ̀ sí ìdí igi. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn ẹ̀ka tó ń gún ara wọn tí wọ́n ń ha ara wọn léèpo. Nínú méjì, ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ, èyí tó bá kọjú sí inú ni kó lọ.

Nígbà tí ẹ bá ti ṣe èyí tán, ẹ padà sẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́fà méje kí ẹ sì tún wò ó. Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ ìrísí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta igi lọ lẹ́ẹ̀kan náà, òkú ẹ̀ka kò sí nínú òǹkà yẹn. Ewé ni igi fi ń jẹun, bí ẹ bá kó púpọ̀ jù lọ, yóò fi oúnjẹ tó pa mọ́ sínú gbòǹgbò ti ẹ̀ka gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò lágbára jáde ní wàdùwàdù, tí ẹ óò tún máa gé kiri. Ẹni tó gé e ní àgéjù nítorí kó má baà tètè ga ló sábà máa ń padà gé e jùlọ.

Ìgbà wo ni kí a gé e? Ọ̀rọ̀ òdòdó ló wà ńbẹ̀. Àwọn igi kan ń tanná lórí ẹ̀ka tó ti gbó láti ọdún tó kọjá. Irúdí wọn ti wà nínú ẹ̀ka tipẹ́ kó tó là. Lilac, forsythia, azalea àti Hydrangea macrophylla wà lára wọn. Gbàrà tí òdòdó wọn bá rẹ̀ dànù ni kí ẹ gé wọn. Bí ẹ bá dúró di ìgbà òtútù, òdòdó ọdún tó ń bọ̀ ni ẹ ń gé jù nù, ewé nìkan ni ẹ ó sì rí. Àwọn mìíràn ń tanná lórí ẹ̀ka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ: hibiscus, bougainvillea, Hydrangea paniculata àti ọ̀pọ̀ róòsì òde òní. Ní ilẹ̀ olótùútù, òpin ìgbà òtútù ni kí ẹ gé àwọn wọ̀nyí kó tó di pé wọ́n rúwé. Ní ilẹ̀ olóoru, ìbẹ̀rẹ̀ òjò dára fún wọn. Bí ẹ kò bá mọ irú èyí tí tiyín jẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọdún kan kí ẹ sì wo ibi tí òdòdó ti yọ: ṣé lórí ẹ̀ka tútù tó rọ̀ ni, àbí lórí èyí tó ti le, tí èèpo rẹ̀ ti gbó?

Ixora nílò ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ṣóńṣó ẹ̀ka ló ti ń tanná, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn kí ó rí bí àpótí. Ẹni tó bá ń gé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń gé irúdí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kó yàn: àpótí tàbí òdòdó.

Ẹ má gé igi nígbà tí ewé rẹ̀ bá tutù fún omi, omi ló ń gbé àrùn wọ ọgbẹ́. Ẹ má gé e nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, ewé inú tí kò tíì rí oòrùn rí yóò jóná. Níbi tí yìnyín ti máa ń bọ́, ẹ dáwọ́ dúró ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú òtútù líle, kí ọ̀mùnú tuntun má baà kú sínú rẹ̀.

Fúláwà tí a fi ṣe ọgbà yí ilé ká ní òfin tirẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ti fúláwà sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ẹ kò bá gé orí rẹ̀ nígbà tó wà ní 30 sẹ̀ǹtímítà, ìdí rẹ̀ kò ní ki bó ṣe yẹ. Ó máa ń dun àwọn ènìyàn láti gé ohun tí wọ́n ń retí kó ga, ṣùgbọ́n ẹ gé e. Nígbà tó bá dàgbà, ẹ jẹ́ kí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju orí lọ, kó máa tín-ín bó ṣe ń lọ sókè. Bí orí bá fẹ̀ ju ìdí, ibòòji orí ni yóò pa ewé ìdí, ihò á sì ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tí a ti nílò ewé jù. Ojú nìkan kò tó láti gé e tẹ́ o. Ẹ kan èèkàn sí òpin méjèèjì, ẹ na okùn láàárín wọn kó le gírígírí, kí ẹ sì tẹ̀lé e. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gé, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí orí wá gbẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ oníná ni ẹ ń lò, ẹ gbé wáyà rẹ̀ kọ́ èjìká, kó máa wà lẹ́yìn yín. Ọ̀pọ̀ wáyà ni irú ẹ̀rọ yìí ti gé.

Igi àtijọ́ tó ti di igbó ṣeé sọ di tuntun, àmọ́ kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Lọ́dún kìíní, ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìtì tó gbó jù nílẹ̀ pátápátá. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kejì àti ẹ̀kẹta. Nígbà yẹn, gbogbo ìtì ti di tuntun, igi kò sì fìgbà kankan wà láì ní ewé. Àwọn kan wà tí kò gba èyí. Lavender kì í sábà hù láti ara igi tó ti gbó tí kò ní ewé lára mọ́. Ọ̀pọ̀ igi elewé abẹ́rẹ́ náà kì í hù níbẹ̀, yew ló yàtọ̀. Ẹ má gé irú wọn kọjá ibi tí ewé wà.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ sì fi awò bo ojú. Oleander lóró láti ewé dé igi. Ẹ má sun ẹ̀ka rẹ̀, èéfín rẹ̀ náà lóró. Oje funfun inú euphorbia a máa ta ara, bó bá sì bọ́ sí ojú, ọ̀rọ̀ di ti dókítà.

Lẹ́yìn gígé, ẹ bomi rin ìdí rẹ̀ dáadáa. Ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 yí i ká, kó má sì kan ara igi. Kò yẹ kí ajílẹ̀ pọ̀. Ní ìgbà tí ilẹ̀ gbóná tí omi sì wà, láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ni àwọn ojú yóò là. Ìgbà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wẹ̀yìn wò, ó sì jẹ́ ìgbà tí iṣẹ́ rọrùn jù. Níbi tí mẹ́ta bá ti yọ lójú kan, ẹ fi ọ̀kan tàbí méjì sílẹ̀. Èyí tó bá kọjú sí inú, ẹ fi àtàǹpàkò rà á kúrò nígbà tó ṣì rọ̀. Bí èyí tó yọ láti abẹ́ ibi tí wọ́n ti lẹ róòsì mọ́ igi mìíràn bá ga ju àwọn yòókù lọ, tí ewé rẹ̀ sì yàtọ̀, igi ìsàlẹ̀ ló ń hù yẹn. Ẹ wa iyẹ̀pẹ̀ kúrò títí ẹ ó fi rí ibi tó ti yọ, kí ẹ sì fà á tu. Bí ẹ bá gé e, á tún hù.